Owó Gbọ́mú-Lé-Láńtà Àti Àyà Tó Ń Já

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni, èyí tí wọ́n ń pè ní gbọ́mú-lé-láńtà, àti ohun tó ń fi ojú ọkàn rí nínú àyà ẹni tó jẹ ẹ́.

Ta ni kò mọ bó ṣe ń rí? Obìnrin gba owó láti fi kún ọjà. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ó san. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó san. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, tòmátì jẹrà, òjò dá ọjà rú, wọ́n sì lé ọmọ wálé nítorí owó ilé ìwé. Ilẹ̀ ọjọ́ ìsanwó kò tíì mọ́, oorun ti dá lójú rẹ̀ láti aago méjì òru. Bó bá gbọ́ ìró ọ̀kadà lẹ́nu ọ̀nà, àyà rẹ̀ á já. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ṣe onídùúró fún un sì lè wá jókòó tì í nílé, kí wọ́n ní àwọn kò lọ láìgbowó. Ìtìjú yẹn nìkan tó í lé ẹ̀jẹ̀ sókè!

Bí ẹ̀rù bá ba èèyàn, ara kò mọ̀ bóyá kìnnìún ló ń bọ̀ ni tàbí agbowó. Á tú oje kan tí àwọn dókítà ń pè ní adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, iṣan á fún, ẹ̀jẹ̀ á sì ru. Ìyẹn dára fún ẹni tó fẹ́ sá. Àmọ́ ibo ni ìyá tó jókòó ti apẹ̀rẹ̀ ata fẹ́ sá lọ? Bí ìbẹ̀rù náà bá kọjá, ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀. Èyí tí kì í kọjá ló léwu. Lọ́dún 2004, èsì ìwádìí ńlá kan jáde láti orílẹ̀-èdè 52, tí Dókítà Salim Yusuf tó ń ṣiṣẹ́ ní Kánádà ṣe aṣáájú rẹ̀. Ó hàn níbẹ̀ pé àwọn tí wàhálà kì í fi sílẹ̀ níbi iṣẹ́ àti nílé ni àìsàn ọkàn òjijì ń mú jù.

Èyí tó tún burú ni ohun tí ìrònú ń mú èèyàn ṣe. Owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n kọ́kọ́ ń mú san gbèsè. "Ṣebí ara mi le," ni wọ́n á wí. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo o! Ó lè wà lára fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí ẹ̀fọ́rí kankan. Ọjọ́ tó bá pariwo, rọpárọsẹ̀ lè ti dé, àwọn ará ilé á sì ní ayé ló ṣe é. Oògùn yìí kì í ṣe oògùn ibà tí wọ́n ń lò fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tí kò bá rówó rà á, kó padà lọ sọ fún dókítà, kí wọ́n wá èyí tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n fún un. Ní ti àwọn bọ̀ọ̀dá mẹkáníìkì àti bíríkìlà, paraga ni wọ́n fi ń pa ìrònú. Ọtí àmujù ń lé ẹ̀jẹ̀ sókè, sìgá sì ń ba iṣan jẹ́. Ìrònú náà á sì tún jí lọ́jọ́ kejì.

Kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé owó, ẹ ṣírò èrè ọ̀sẹ̀ tí ọjà kò tà, kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ ọdún. Bí èrè yẹn kò bá lè san owó ọ̀sẹ̀, ẹ má gbà á. Ẹ má gba tibí san tọ̀hún. Ẹ má sì fi ra aṣọ ẹbí, nítorí aṣọ ẹbí kì í pa owó wọlé. Bó bá ti bọ́ sórí, ẹ lọ bá wọn sọ òótọ́ kí ọjọ́ tó pé. Ẹni tó sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àyà rẹ̀ kò ní í yé já.

Bí àyà bá ń lù kì-kì-kì, ẹ jókòó, ẹ fi imú fa èémí díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì tú u jáde pẹ̀lẹ́ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò gba kọ́bọ̀. Ẹ máa fẹsẹ̀ rìn kánmọ́kánmọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ìdúró nídìí igbá kì í ṣe ìrìn. Iyọ̀ òòjọ́ kò gbọdọ̀ ju ṣíbí ìmutíì kan lọ, tòun ti èyí tó wà nínú máàgí.

Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò ní ìlera tó wà ládùúgbò. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ wò yín. Ẹ má ti ìdí ìjà oníbàárà lọ tààrà. Bó bá ń jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó di ọ̀dọ̀ dókítà.

Bó bá sì ń ṣe yín bíi pé òkúta jókòó sí yín láyà, tí ìrora ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tútù ń bò yín, ẹ má dúró kí ọjà tú. Obìnrin lè má tilẹ̀ rí ìrora. Kí ó kàn máa mí gúlegúle, kí èébì máa gbé e, kí ó sì rẹ̀ ẹ́ lọ́nà tí kò rẹ̀ ẹ́ rí. Kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bá yín ti ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n wá mọ́tò, ó di ọsibítù.