Irun Orí Kì Í Ṣe Ẹ̀rí Ọ̀ràn

Ọ̀rọ̀ kan ti di orin ní ẹnu àwọn àgbà wa, yálà ní ìpàdé ẹgbẹ́ òṣèlú ni tàbí ní yàrá ìjókòó àwọn olùkọ́: pé àwọn ọmọkùnrin ìwòyí kò ṣe bí ọkùnrin mọ́. Wọ́n ní wọ́n ń di irun, wọ́n ń fi yẹtí sí etí, wọ́n ń fín ara, wọ́n ń tọ́jú irùngbọ̀n bí ẹni tí ń tọ́jú ọmọ ìkókó, wọ́n sì ń pẹ́ ní iwájú dígí ju ìyàwó ọ̀ṣìngín lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀fẹ̀ lásán ni, àwa kì bá tí dá sí i, nítorí kò sí ìran tí kì í fi aṣọ àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ẹ̀fẹ̀. Ó ti di ohun tí a fi ń mú ènìyàn ní ojú pópó, tí a fi ń lù ú, tí a fi ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, tí àwọn mìíràn sì ti bá a lọ sí ọ̀run. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ó yẹ kí a bá àwọn òǹkàwé wa sọ ọ́ láìfi epo bọ iyọ̀.

Ní ọdún 1992 ni a dá ẹ̀ka ọlọ́pàá tí a mọ̀ sí SARS sílẹ̀ láti gbógun ti àwọn adigunjalè. Iṣẹ́ tí ó dára ni, kò sì sí ẹni tí yóò bá ìjọba wí pé ó dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, ojú ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọlọ́pàá náà kúrò lára ìbọn tí olè gbé, ó bọ́ sára irun tí ọ̀dọ́ dì. Ẹgbẹ́ Amnesty International gbé ìròyìn jáde ní oṣù Òkúdu, ọdún 2020, nínú èyí tí wọ́n ka ìṣẹ̀lẹ̀ 82, ó kéré tán, láàrin oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2017 sí oṣù Èbìbí 2020, tí SARS ti dá ènìyàn lóró, tàbí hùwà ìkà sí i, tàbí pa á láìgbé e dé iwájú adájọ́. Àwọn ọkùnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin 18 sí 35 ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹgbẹ́ náà sọ àwọn tí ọlọ́pàá ń dójú lé: ọ̀dọ́ tí irun rẹ̀ ta kókó, ẹni tí ṣòkòtò rẹ̀ ya ní orúnkún, ẹni tí ó fín ara, ẹni tí ó ní ọkọ̀ tàbí ẹ̀rọ olówó gọbọi lọ́wọ́. Ẹ̀sùn tí a fi ń kàn wọ́n kò ju pé ọmọ Yahoo ni wọ́n.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Ọ̀wàrà ọdún kan náà, lẹ́yìn tí àwọn ọ̀dọ́ ti tú jáde sí ìgboro, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá kéde pé a ti tú SARS ká. Ní ọjọ́ 20 oṣù náà, àwọn ọmọ ogun yìnbọn ní ibodè Lẹ́kkí. Àwa kò ní tún ìtàn náà sọ lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́. Ẹni tí ó ní etí ti gbọ́ ọ. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí ni pé ọlọ́pàá tí ó rí irun dídì tí ó sì pè é ní olè kò ti ọ̀run mú èrò náà wá. Ilé wa ni ó ti kọ́ ọ. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá rẹ̀, ó gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́ rẹ̀, ó sì gbọ́ ọ ní ilé ìjọsìn, kí a tó fi ìbọn lé e lọ́wọ́.

Àwọn tí ń wí pé ọ̀ṣọ́ kì í ṣe ti ọkùnrin máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ẹnu àwọn baba ńlá wa ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Àwa kò mọ baba ńlá tí wọ́n ń wí. Àwọn tí a mọ̀ ní ilẹ̀ yìí kì í fi aṣọ ṣeré. Ọkùnrin ni ó ń jókòó ti òfì ní Ìṣẹ́yìn tí ó ń hun sányán, àlàárì àti ẹtù. Ọkùnrin ni ó ń fi abẹ́rẹ́ kọ iṣẹ́ sí ọrùn àti àyà agbádá. Ọkùnrin náà ni yóò sì gbé e wọ̀, tí yóò ká a lé èjìká, tí yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀, tí yóò tún ká a, kí gbogbo ojú lè rí i pé ẹ̀wù tí ó wà nísàlẹ̀ kò kéré sí èyí tí ó wà lókè. Ẹni tí ó bá fẹ́ ka orúkọ ẹ̀wù àti ṣòkòtò ọkùnrin ní èdè wa, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí bùbá, dàńṣíkí, gbérí ọdẹ, gbáríyẹ̀ àti dàńdógó, tí ó sì kọjá sí kẹ̀ǹbẹ̀ àti sóóró, yóò ti rẹ̀ ẹ́ kí ó tó dé orí fìlà, níbi tí abetí ajá, gọ̀bì àti ìkòrì ti ń dúró dè é. Àwọn ènìyàn kì í sọ ohun tí kò kàn wọ́n ní orúkọ púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ti irun ni, ọ̀rọ̀ náà tún yé ni jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹlẹ́gùn Ṣàngó ń di irun bí obìnrin, ó sì ń wọ aṣọ tí ó fẹ̀ ní ìdí yíká. Ta ni ó jẹ́ pe Ṣàngó ní ojo? Ní Kétu àti ní àwọn ìlú tí ó yí i ká, ọkùnrin ni ń gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí ń wé gèlè, tí ń ró ìró, láti bu ọlá fún àwọn ìyá wa. Ní ààfin Ọ̀yọ́, àwọn ìlàrí ọba máa ń fá apá kan orí wọn, wọn a sì fi apá kejì sílẹ̀. Inú irun náà ni orúkọ wọn gan-an ti wá. Orí tí ọlọ́pàá ìwòyí yóò fi mú ènìyàn, òun ni ará ìlú fi ń mọ ẹni tí ọba rán nígbà náà, tí wọ́n sì ń yà fún un ní ọ̀nà. Dàdá ńkọ́? Ọmọ tí ó bá gbé irun kíkó wá sáyé, àkànṣe ni a kà á sí. A kì í kàn fi abẹ kan orí rẹ̀ láìṣe ètò tí ó yẹ. Ní àkókò tiwa yìí, a ti rí i pé irun tí àwọn ìyá wa fi ń kí ọmọ káàbọ̀ ti di irun tí a fi ń tì í sí àtìmọ́lé.

Ìwọ̀nba kan tún wà tí àwọn olùgbèjà àṣà máa ń gbàgbé. Fífá ni àwọn ọkùnrin Yorùbá àtijọ́ ń fá orí wọn, kodoro, lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Irun tí a gé mọ́lẹ̀ tí a sì yà ní ojú kan, èyí tí a ń pè ní irun ọmọlúwàbí lónìí, àlejò ni. Nígbà tí ó kọ́kọ́ dé pẹ̀lú àwọn akọ̀wé àti àwọn tíṣà, òun náà jẹ́ irun ọmọ tí ń ṣe fáàrí. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ fífín ara. Àgbà tí àbàjà tàbí pélé wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń bínú sí ọmọ tí ó fín òdòdó sí apá! Àwa kò sọ pé kí a padà sí ilà kíkọ, nítorí òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 ti ka kíkọ ilà tàbí fífín ara fún ọmọdé léèwọ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti dàgbà tí ó fi ara rẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́, ohun tí bàbá rẹ̀ ṣe náà ni ó ń ṣe.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní Màláwì, lábẹ́ Ààrẹ Hastings Banda, òfin aṣọ wíwọ̀ ti ọdún 1973 kò fi àyè gba obìnrin tí ó wọ ṣòkòtò, irun gígùn lórí ọkùnrin sì jẹ́ ohun tí a lè tìtorí rẹ̀ dá àlejò padà bí kò bá gbà kí a gé e. Ọgbọ̀n ọdún ni Banda fi ṣàkóso. Nígbà tí ìjọba rẹ̀ ń kógbá sílé ní ọdún 1993 àti 1994, òfin náà bá a lọ, a kò sì gbọ́ pé àwọn ọkùnrin Màláwì di obìnrin.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí àwọn àgbà bá àwọn ọmọkùnrin jà lé lórí, ó sì yà wá lẹ́nu pé òun ni wọn kì í mẹ́nu bà. Ọkùnrin pẹ̀lú ń bó àwọ̀ ara lónìí. Àwọn ìpara kan tí a fi ń bó ara ní mákúrì nínú, mákúrì sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó fọwọ́ sí àdéhùn Minamata láti gbógun tì í. Kí a má sì rò pé nǹkan òyìnbó nìkan ni ó ní ewu. Tìróò tí tọkùnrin tobìnrin ń lé sójú láti ìgbà ìwáṣẹ̀ lè jẹ́ kìkì òjé: ní ọdún 2011, àwọn oníṣègùn ní Boston ní Amẹ́ríkà rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìkókó kan tí ẹbí rẹ̀ ti Nàìjíríà wá, tìróò tí wọ́n fi sí i lójú sì ni wọ́n rí pé ìdá 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ òjé. Bàbá tí ó bá gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ ṣe ohun tí ó yẹ bàbá. Èyí tí ó bá lé ọmọ jáde kúrò nílé nítorí irun tí kò pa ẹnikẹ́ni lára, àwa kò mọ ohun tí ó ṣe.

A mọ èsì tí a ó rí gbà. Wọn yóò ní àwọn gbájúẹ̀ orí ẹ̀rọ ayélujára ni ń múra bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn kan nínú wọn ń múra bẹ́ẹ̀. Àwọn olórin, àwọn agbábọ́ọ̀lù, àwọn tí ń kọ́ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà àti àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga tí kò ní kọ́bọ̀ lápò náà sì ń múra bẹ́ẹ̀. Bí aṣọ bá lè jẹ́ ẹ̀rí, a jẹ́ pé ó yẹ kí ọlọ́pàá máa dá gbogbo agbádá dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a fi ẹ̀sùn kàn pé wọ́n kó owó ìlú jẹ, agbádá tí a lọ̀ dáadáa ni wọ́n wọ̀ dé iwájú adájọ́. Kò sí ẹni tí ó tìtorí rẹ̀ gé ọrùn agbádá. Ẹ̀ka 35 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 béèrè pé kí ìfura tí ó ní ìdí gúnmọ́ wà kí a tó mú ènìyàn lórí ọ̀ràn. Irun kì í ṣe ìdí gúnmọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni a fẹ́ bá sọ èyí tí ó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí ó tọ́ sí iṣẹ́ yín. Ilé ẹ̀kọ́ ní ẹ̀tọ́ láti ní òfin irun gẹ́gẹ́ bí ó ti ní òfin aṣọ, a kò sì sọ pé kí ẹ pa á tì. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a sọ fún ọmọ pé irun rẹ̀ kò bá òfin mu, ọ̀tọ̀ ni kí a fi sísọ́ọ̀sì gé e ní àbọ̀ ní iwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè pariwo lé e lórí, kí a sì sọ fún un pé ọmọ ìta ni yóò yà. Àwọn tí ó ṣe olùkọ́ nígbà tí ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1955 kò fi ìmúra ṣeré: ṣòkòtò péńpé tí a lọ̀ títí ó fi lè gé ọwọ́, ìbọ̀sẹ̀ dé orúnkún, bàtà tí ń dán. Fáàrí ni, fáàrí náà sì wu àwọn ọmọ débi pé wọ́n fẹ́ di tíṣà. Ẹ rántí èyí nígbà tí ọmọ kan bá tún dúró níwájú yín pẹ̀lú irun tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, kí ẹ sì wo ìwé rẹ̀ kí ẹ tó wo orí rẹ̀.

Ní ti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, kò sí ẹni tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé tó yín. Fìlà Awólọ́wọ̀ àti awò ojú rẹ̀ ń kéde ẹgbẹ́ kí ó tó la ẹnu. Mbonu Ojike tí ó jẹ́ ọmọ Ìgbò sọ kóòtù òyìnbó sílẹ̀, ó sì fi agbádá wọ inú ìjà òmìnira. Ní ìpolongo ìbò ọdún 2023, ìwọ̀nba àmì tí a kọ sára fìlà Bọ́lá Tinúbú ti tó láti fi mọ ẹni tí ó ń tẹ̀ lé e ní àárín ọjà. Ẹ mọ̀ pé ọkùnrin a máa fi aṣọ sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ yín náà ń sọ tiwọn.

Ní ọdún 2020, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Ti Èkó fi àbọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìjọba ní oṣù Bélú, ọdún 2021. Nígbà tí àwọn olùdíje bá tún wá sí wọ́ọ̀dù yín, kí ẹ tó gba ìrẹsì, kí ẹ sì tó gba aṣọ tí a ya àwòrán wọn sí, ẹ bi wọ́n ní ohun méjì. Àwọn ìmọ̀ràn wo nínú irú àbọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò mú ṣẹ, kí sì ni wọn yóò ṣe fún ọlọ́pàá tí ó bá mú ọmọ yín sínú ọkọ̀ nítorí irun rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí wọ́n dáhùn níṣojú gbogbo ènìyàn, kí akọ̀wé wọ́ọ̀dù sì kọ ọ́ sílẹ̀.