Kí Ẹni Tí Owó Rẹ̀ Kò Pọ̀ Tó Ra Kámẹ́rà Inú Igbó

Àgbẹ̀ tí ó dé oko ní òwúrọ̀ tí ó bá àgbàdo rẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀ mọ̀ pé ẹranko ti ṣọṣẹ́ lóru. Ṣùgbọ́n ẹranko wo? Ọ̀yà a máa gé igi àgbàdo nídìí bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó a máa fi imú hú ilẹ̀. Ọdẹ tí iṣẹ́ ti mọ́ lára yóò wo ẹsẹ̀, yóò wo ìgbẹ́, yóò sì dárúkọ ọ̀daràn. Àmọ́ ọ̀wààrà òjò kan ṣoṣo tó láti pa gbogbo àmì wọ̀nyí rẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn àgbẹ̀, ọdẹ àti olùṣọ́ igbó mìíràn fi ń wá kámẹ́rà tí à ń so mọ́ ara igi, èyí tí ó máa ń dá ya àwòrán nígbà tí ẹranko bá ń kọjá. Owó sì ni kókó ọ̀rọ̀ náà, nítorí ẹni tí ó bá ṣi ti àkọ́kọ́ rà kì í sábà ní owó èkejì.

Kì í ṣe idán tuntun. Kí ọdún 1900 tó dé ni George Shiras, amòfin ará Amẹ́ríkà, ti ń ta okùn sí ojú ọ̀nà àgbọ̀nrín lóru, tí ẹranko tí ó bá fẹsẹ̀ kọ okùn náà yóò sì fúnra rẹ̀ ya fọ́tò ara rẹ̀. Ìwé ìròyìn National Geographic gbé àwọn fọ́tò rẹ̀ jáde ní oṣù keje ọdún 1906. Lóde òní, ooru ara ẹranko ni ó ń ṣe iṣẹ́ okùn. Irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ ni ó ya àwọn ìnàkí Cross River pẹ̀lú ọmọ wọn lórí òkè Mbe, ní Nàìjíríà níbí, ní ọdún 2020. Gbogbo irú ìnàkí yìí tí ó kù láyé kò ju nǹkan bí 300 lọ, wọn kì í sì í dúró de ènìyàn.

Nọ́ńbà megapixel ni àwọn oníṣòwò kọ́kọ́ máa ń nà síni lójú: 24, 36, 48. Kí oníbàárà má ṣe jẹ́ kí ìyẹn fa òun. Nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú, ojú tí ń gba ìmọ́lẹ̀ kò tó ohun tí a kọ sí ara páálí rárá. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ ni ó ń fẹ àwòrán lójú kí ó lè tó iye náà. Bí ẹni ń bu omi sí ọbẹ̀ ni: ọbẹ̀ pọ̀ sí i, kò dùn sí i. Ohun tí ó yẹ kí a béèrè ni bí kámẹ́rà náà ṣe yá tó. Èyí tí ó bá ya àwòrán láàrin ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lẹ́yìn tí ó mọ̀ pé ẹranko dé, ó dára. Èyí tí ó bá lò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, ìrù ẹtu ni olówó rẹ̀ yóò máa wò, tàbí ewéko tí ẹtu fara gbún kọjá.

Ọ̀rọ̀ ooru yìí gba àlàyé, pàápàá fún ará ilẹ̀ olóoru. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ooru ara ẹranko àti ti ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni kámẹ́rà ń mọ̀. Níbi tí òtútù ti ń mú, ìyàtọ̀ náà hàn kedere. Ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí afẹ́fẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbóná tó ara ẹranko, ojú rẹ̀ a máa ṣú. Nítorí náà, bí páálí bá sọ pé ó lè mọ ẹranko ní mítà 20, kí a so ó sí mítà mẹ́ta sí márùn-ún sí ojú ọ̀nà, kí ó sì dagun díẹ̀. Ohun kan náà ni kì í jẹ́ kí ó sábà rí ejò àti alángbá. Kí a gé koríko iwájú rẹ̀ kúrò, kí a má sì kọjú rẹ̀ sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ewé tí oòrùn pa tí afẹ́fẹ́ ń mì yóò kún inú káàdì bámúbámú.

Ní ti ìmọ́lẹ̀ òru, oríṣi kan wà tí iná rẹ̀ máa ń pọ́n wẹ́rẹ́. Òun ni ó ń ríran jìnnà jù. Èkejì kò hàn sí ojú rárá, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ kì í mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí olè bá ti ń rìn, èkejì yìí ni kí a rà, kí a sì fi ṣẹ́ẹ̀nì àti àgádágodo dè é mọ́ igi.

Bátìrì ni owó ń bá lọ. Ẹni tí ó bá ní owó kámẹ́rà nìkan kò tíì ní owó kámẹ́rà. Púpọ̀ nínú wọn ń jẹ bátìrì mẹ́rin tàbí mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan, bátìrì gbàrọgùdù kì í sì í pẹ́ kú. Àwòrán òru ni yóò kọ́kọ́ bàjẹ́. Èyí tí à ń fi iná sí sàn fún ẹni tí yóò lò ó pẹ́, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò ju 1.2 lọ níbi tí ti lásán jẹ́ 1.5, àwọn kámẹ́rà kan sì máa ń kà á sí bátìrì tí ó ti fẹ́ kú. Kí a kà á nínú ìwé rẹ̀ kí a tó sanwó. Ó sàn kí ènìyàn ra ẹyọ kan tí ó pegedé pẹ̀lú bátìrì ìlọ́po méjì ju kí ó ra méjì tí kò ní lè bọ́ lọ.

Èyí tí ń fi àwòrán ránṣẹ́ sórí fóònù ń dá ènìyàn lọ́rùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti alákọ̀ọ́kọ́rà. Owó dátà kì í tán, ọ̀pọ̀ igbó ni kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ọ̀pọ̀ èyí tí a ṣe fún Amẹ́ríkà ni kò sì ní gbọ́ ti ilé iṣẹ́ fóònù mìíràn.

Kí a béèrè òfin pẹ̀lú. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2022, Ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà kò gbà kí ọdẹ fi irú kámẹ́rà yìí wá ẹran tí yóò pa. Níbí, kò bójú mu kí ẹnikẹ́ni so ó sínú igbó ìjọba láìgbàṣẹ, kí ó sì jẹ́ kí àwọn tí oko wọn múlé gbe tirẹ̀ mọ̀, nítorí yóò ya ènìyàn bí ó ti ń ya ẹranko.

Kí a tó gbé e wọ igbó, kí a ṣètò ọjọ́ àti aago inú rẹ̀, kí a sì so ó mọ́ òpó ní ẹ̀yìnkùlé fún òru mẹ́ta. Ewúrẹ́ àdúgbò yóò kọjá níwájú rẹ̀. Bí orí ewúrẹ́ bá wà nínú àwòrán, owó kò ṣòfò. Bí ó bá jẹ́ ìrù nìkan, kí a dá a padà fún ẹni tí ó tà á nígbà tí rìsíìtì ṣì wà lọ́wọ́.