Kí oníṣòwò Tápà tó so ilẹ̀ mẹ́ta pọ̀ sábẹ́ ìwé kan

Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò máa ń ra ilẹ̀ ní agbègbè Ìbàràpá. Obìnrin tó ń ṣe gàrí ní Tápà lè ra púlọ́ọ̀tì kan lọ́wọ́ ẹbí kan, kó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ síbẹ̀. Bí ọjà bá rìn, yóò ra èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí mìíràn, bó bá tún pẹ́ díẹ̀, yóò ra ẹ̀kẹta. Lójú ẹni tó ń kọjá lọ, ilẹ̀ kan ṣoṣo ni, nítorí fẹ́ńsì kan náà ló yí i ká. Nínú ìwé, ilẹ̀ mẹ́ta ni, rìsíìtì mẹ́ta, súfèé mẹ́ta, àti ẹbí mẹ́ta tó lè dìde lọ́jọ́ kan pé àwọn kò ta nǹkan kan fẹ́nì kankan.

Kò yani lẹ́nu pé ó ń wu irú ẹni bẹ́ẹ̀ kó da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sábẹ́ ìwé kan. Èrè wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ilé ìkẹ́rùsí tó gun orí ààlà ilẹ̀ méjì máa ń dá wàhálà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbé pùláànù rẹ̀ lọ fún àṣẹ, báńkì náà sì fẹ́ràn ìwé ẹyọ kan ju ìdì ìwé lọ.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní London mọ̀ pé nǹkan yìí rọrùn lọ́dọ̀ wọn. Bí ilẹ̀ méjì bá jẹ́ ti ẹnì kan náà, tí irú ẹ̀tọ́ tó ní sí wọn sì dọ́gba, HM Land Registry lè sọ ìwé méjèèjì di ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ìjọba ló dúró fún ohun tó wà nínú ìwé yẹn. Ní Nàìjíríà, kò rí bẹ́ẹ̀.

Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 fún gómìnà láṣẹ lórí ilẹ̀ ìgboro. Níbi tí wọn kò bá tíì kéde pé ó jẹ́ ìgboro, ìjọba ìbílẹ̀ ló ń fúnni ní ẹ̀tọ́, èyí tó túmọ̀ sí Ayété fún àwọn ará Tápà. Ìwé láti Ayété àti C of O láti Agodi kì í ṣe irú ẹ̀tọ́ kan náà, a kò sì lè kàn rán wọn pọ̀ bí aṣọ.

Èyí tó le jù ni pé C of O kì í sọ ilẹ̀ tí kò mọ́ di mímọ́. Nínú ẹjọ́ Ogunleye àti Oni lọ́dún 1990, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ọ́ gbangba pé bí ẹlòmíràn bá ní ẹ̀tọ́ tó ju ti ẹni tó gba ìwé náà lọ, ìwé náà kò lè gbà á sílẹ̀. Bí oníṣòwò bá wá so púlọ́ọ̀tì méjì tó dára mọ́ ẹ̀kẹta tí ẹbí ń jà lé lórí, ìjà ẹyọ kan ti di ìjà gbogbo rẹ̀. Báńkì wo ló fẹ́ fọwọ́ kan irú ìwé bẹ́ẹ̀? Látìgbà ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo lọ́dún 1989, níbi tí ilé ẹjọ́ ti fagi lé ilẹ̀ tí wọ́n fi dúró fún owó láìsí ìyọ̀ǹda gómìnà, ojú àwọn báńkì ti là dáadáa.

Nítorí náà, lọ́yà ló yẹ kó kọ́kọ́ gbowó, kì í ṣe awọnlẹ̀. Kí ó wò ó bóyá olórí ẹbí buwọ́ lu ìwé ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn àgbà ẹbí, nítorí títa ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí kò dúró rárá. Lẹ́yìn ìyẹn ni awọnlẹ̀ yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìjọba ti gba apá kan nínú rẹ̀. Púlọ́ọ̀tì tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá yanjú, kó dá dúró.

Ẹni tó sì fẹ́ yá owó ẹ̀rọ kan péré kò ní ìdí láti fi ilẹ̀ mẹ́ta dúró. Bó bá sì so wọ́n pọ̀ tán, tó fẹ́ ta ẹyọ kan lẹ́yìn ọ̀la láti fi san owó ilé ìwé ọmọ, yóò tún pín in padà: súfèé tuntun, ìyọ̀ǹda gómìnà, àti owó tuntun.