Ẹni Tí Erin Ń Jẹ Oko Rẹ̀ Ló Yẹ Kó Kọ́kọ́ Jẹ Èrè Yankari

Nínú àwọn igbó ọba tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹranko ní Nàìjíríà, òkìkí Yankari ní ìpínlẹ̀ Bauchi kàn jù. Ọdún 1956 ni wọ́n dá a sílẹ̀, wọ́n sì ṣí i fún àlejò lọ́dún 1962. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni, ilẹ̀ gbígbẹ. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti mú, etí odò Gaji ni erin àti ẹfọ̀n máa ń wá omi lọ, ibẹ̀ sì ni àwọn tó wá ṣe afẹ́ ti ń rí wọn. Omi Wikki tó máa ń lọ́wọ́ọ́wọ́ tọ̀sán tòru náà jẹ́ àwòṣífìlà.

Ṣùgbọ́n iyì yìí kò tó ti àtijọ́ mọ́. Nǹkan bí 100 erin péré ni wọ́n fojú bù pé ó kù níbẹ̀, kìnnìún kò sì pọ̀ rárá. Àwọn tó ń wá eyín erin àti ẹran ìgbẹ́ ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ibi náà.

Lọ́dún 2014, ìjọba Bauchi bá àjọ Wildlife Conservation Society fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí ìṣọ́ igbó náà. A kan sáárá sí àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń fi ẹ̀mí wọn wéwu. Àmọ́ ní tiwa, ìbọn nìkan kò lè ṣọ́ Yankari.

Ìdí ni pé erin kò mọ ààlà. Erin ńlá kan lè jẹ koríko àti ewé tó wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì 3 lóòjọ́. Bí agbo rẹ̀ bá wọ oko ọkà bàbà lóru ọjọ́ kan, làálàá ọdún kan ti wọmi. Ẹ̀yin àgbẹ̀ tó ń kà wá mọ bí ìyẹn ti dùn ẹni tó. Bí àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá wá rí ọdẹ tó ń yọ́ wọ igbó, ta ni yóò lọ fi sùn?

Orílẹ̀-èdè Namibia, tí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ ju ti Bauchi lọ, ti rí ọgbọ́n kan dá. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1996 gbà kí àwọn ará abúlé para pọ̀ máa bójú tó ẹranko ilẹ̀ wọn, kí wọ́n sì máa gba owó tí àlejò bá mú wá. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti lé ní 80 báyìí. Erin ṣì ń ba oko jẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará abúlé mọ̀ pé tàwọn ni.

Àwọn kan yóò ní owó tó ń wọlé ní Yankari kò tó pín. Èyí tó wọlé náà ni ká pín. Kí ìjọba Bauchi fi òfin ya apá kan owó ẹnu ọ̀nà sọ́tọ̀ fún àwọn abúlé tó yí igbó náà ká, kí wọ́n sì máa ṣe ìṣirò rẹ̀ ní gbangba. Kí wọ́n tètè san owó gbà-má-bínú fún ẹni tí erin bá jẹ oko rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ń gba ẹ̀ṣọ́, ọmọ àwọn abúlé yìí ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Yorùbá náà, nítorí abúlé pọ̀ létí igbó ọba Ọ̀yọ́ Ilé. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn. Igbó tí ebi ń pa àwọn tó yí i ká kò lè ní ìsinmi.