Ẹni tí ọtí ti di bárakú fún: níbo la ní kó gbà lọ?

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run.

Lẹ́yìn àsàlátù ọjọ́ Àìkú kan, ìyá kan dúró dè mí níbi tí a ti ń ṣe àlùwàlá. Ó ní, "Ààfáà, ẹ má bínú. Bàbá àwọn ọmọ mi ń mutí. Wọ́n ti búra láìmọye ìgbà pé àwọn ti jáwọ́. Ẹ ti bá wa ṣàdúà, mo ti gbààwẹ̀. Níbo ni mo lè mú wọn lọ?" Àdúà wà lẹ́nu mi. Àdírẹ́sì kò sí.

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí ló ń sọ sí mi lọ́kàn bí àríyànjiyàn ṣe ń lọ lórí ọtí inú ọ̀rá. Lọ́dún 2018, àjọ NAFDAC, iléeṣẹ́ ètò ìlera àti àwọn tó ń ṣe ọtí fẹnu kò pé díẹ̀díẹ̀ ni ọtí inú ọ̀rá àti ti ìgò kékeré tí kò tó 200ml yóò kúrò lọ́jà. Nígbà tí NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin náà múlẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2024, àwọn òṣìṣẹ́ figbe ta pé iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Àwọn aṣòfin dá sí i, wọ́n sì sún gbèdéke síwájú di ìparí ọdún 2025. NAFDAC ní ọtí inú ọ̀rá kò wọ́n, ọmọdé sì lè fi pamọ́ sápò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe ọtí àti ẹni tó ń tà á ni òfin yẹn ń bá wí. Ẹni tí ọtí ti di bárakú fún ńkọ́?

Àwa Mùsùlùmí máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wá nítorí pé ọtí jẹ́ hàràmù. Hàràmù ni, kò sí iyèméjì. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni Ọlọ́hun fi yọ àwọn sàhábà kúrò níbẹ̀: Súrà Baqarah, àyà 219, fi hàn pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ju àǹfààní rẹ̀ lọ, Súrà Nisā, àyà 43, kọ̀ fún ẹni tó ti mutí yó láti sún mọ́ ìrun, Súrà Māidah, àyà 90, wá ti ilẹ̀kùn pátápátá. Nínú hádíìsì Bukhārī, wọ́n ń mú ọkùnrin kan wá léraléra nítorí ọtí. Nígbà tí ẹnìkan ṣépè fún un, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ èpè náà, ó sì jẹ́rìí pé ọkùnrin yẹn fẹ́ràn Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Wọ́n jẹ ẹ́ níyà, wọn kò lé e kúrò láàárín jámọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, èpè ló ń ṣíwájú. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn wa fi ń fi í pamọ́ títí ẹ̀dọ̀ yóò fi bàjẹ́.

Àwọn kan wà tó ń pàdé láti ran ara wọn lọ́wọ́. Alcoholics Anonymous, tí wọ́n ń pè ní AA, bẹ̀rẹ̀ ní Akron, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1935, láti ọwọ́ Bill Wilson àti dókítà Bob Smith, àwọn méjì tí ọtí ti fojú wọn rí màbo. Wọn kì í gbowó ìwọlé, wọn kì í béèrè orúkọ bàbá ẹni. Kó ṣáà ti wu èèyàn láti jáwọ́. Kálukú á sọ ìrírí tirẹ̀, ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ kò sì gbọdọ̀ jáde. Ìpàdé kan wà tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀, òmíràn wà fún àwọn tí ọtí ń dà láàmú nìkan. Ẹ béèrè kí ẹ tó lọ. Al-Anon wà fún ìyàwó, ọkọ, òbí àti ọmọ wọn.

Ṣé ti ṣọ́ọ̀ṣì kọ́? Rárá, AA kò sí lábẹ́ ẹ̀sìn kankan. Lóòótọ́, inú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ ìpàdé ti ń wáyé nílẹ̀ òkèèrè, wọ́n sì lè ṣe àdúà tí kì í ṣe tiwa. Mùsùlùmí lè dákẹ́, kó ṣe tirẹ̀ lọ́kàn. Àwọn Mùsùlùmí kan ní Baltimore tilẹ̀ dá Millati Islami sílẹ̀ lọ́dún 1989, wọ́n gbé ìgbésẹ̀ méjìlá AA karí ẹ̀kọ́ Islām. Kí àwọn ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà wádìí rẹ̀.

Nílé, irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ kò tíì pọ̀, ìlú ńlá bí Èkó ló wà jù. Ẹ wo aa.org, ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì náà wà fún ẹni tó jìnnà. NDLEA ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́, 080010203040, tọ̀sán-tòru. Ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta àti ti Yaba ní Èkó ń tọ́jú àwọn tí oògùn tàbí ọtí ti di bárakú fún. Ẹ bi wọ́n léèrè ìpàdé tó wà nítòsí yín.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ti ẹni tó ti ń mu púpọ̀ lójoojúmọ́ mọ́lé kó lè jáwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ara rẹ̀ lè máa gbọ̀n, gìrì lè mú un, ó sì lè kú. Ọ̀dọ̀ dókítà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú un lọ.

Ẹ̀yin ìmáámù àti ìgbìmọ̀ mọ́sálásí, yàrá kan lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, ẹnìkan tí kì í tú àṣírí, àti àdírẹ́sì lórí ìwé pélébé: kò ju bẹ́ẹ̀ lọ láti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìyá yẹn padà wá, mo ti kọ tèmi sílẹ̀.

Kí Ọlọ́hun gba túúbá wa, kó bo àṣírí wa. Āmín.