Iṣẹ́ ọmọ wa kò gbọdọ̀ dúró de ìparí lísáǹsì

Bí èsì BAC II bá ti jáde, ilé tí ọmọ ti yege ní Moretan kì í sùn bọ̀rọ̀. Wọ́n á pa adìẹ, ẹbí á wá kí bàbá kú oríire, ẹ̀gbọ́n tó wà ní Nàìjíríà á fi owó ránṣẹ́. Kò pẹ́, ọmọ á gbé báàgì, ó di Lomé. Gbogbo èèyàn ló ń bi í pé: "Kí lo fẹ́ lọ kọ́?" Ìbéèrè gidi ni. Àmọ́ èyí tó yẹ kó tẹ̀ lé e la kì í bi í: bó o bá kọ́ ọ tán, ta ló máa gbà ọ́ síṣẹ́, kí lo sì máa ṣe láti ọdún kìíní kí onítọ̀hún lè mọ̀ ọ́?

Ìdí tí a kì í fi bi í kò fara sin. Àwọn bàbá wa rí àsìkò kan tí ìwé nìkan tó. Nígbà tí wọ́n dá yunifásítì Lomé sílẹ̀ lọ́dún 1970, tó ṣì ń jẹ́ Université du Bénin, àwọn tó ń jáde níbẹ̀ kò pọ̀, ìjọba sì ń wá wọn. Ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí ti gba iṣẹ́ nìyẹn. Nígbà tó yá, láàárín ọdún 1980 sí 1990, owó ìjọba ò tó mọ́, Báńkì Àgbáyé àti FMI ní kí wọ́n dín ìnáwó kù, ilẹ̀kùn iṣẹ́ ìjọba sì há. Láti ìgbà náà, concours ni. Èrò rẹpẹtẹ á jókòó ṣe ìdánwò nítorí àyè díẹ̀.

Èrò náà sì ń pọ̀ sí i. Lọ́dún 2008, ìjọba yọ owó ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: ọmọ tó wọ CP1 lọ́dún náà, tí kò tún kíláàsì kankan ṣe, Terminale ló wà ní 2021. Ọdún 2021 yẹn kan náà ni wọ́n tún yọ owó kọ́lẹ́ẹ̀jì àti líísẹ́ ìjọba. Oore ńlá ni, a ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé BAC tó sọ èèyàn di ẹni ńlá ní abúlé tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ló máa ní in báyìí. Akẹ́kọ̀ọ́ Lomé nìkan lé ní 50,000, Kara tó ṣí lọ́dún 2004 ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọmọ tó bá fi lísáǹsì nìkan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bá gbogbo wọn dúró ni.

Ọ̀pọ̀ òbí ò sì mọ̀ pé ètò iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó dé Lomé. Láti kíláàsì seconde ni wọ́n ti ń pín wọn sí série. Ọmọ tó ṣe A4 kò lè jí lọ́jọ́ kan kó ní dókítà lòun fẹ́ dà. Ti C àti D ló lè ronú ìyẹn. G2 kọjú sí ìṣirò owó, àwọn série F sì kọjú sí iṣẹ́ ẹ̀rọ, iná àti ilé kíkọ́. Ọ̀pọ̀ líísẹ́ ìgbèríko, A4 àti D nìkan ló wà níbẹ̀, ọmọ á sì mú èyí tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú. Kò sẹ́ni tó jókòó tì í ṣàlàyé.

Ní yunifásítì, ètò LMD ni wọ́n ń lò. Lísáǹsì jẹ́ sẹ̀mẹ́sítà mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní crédit 30, àpapọ̀ rẹ̀ 180. (Kì í ṣe crédit tẹlifóònù o!) Crédit tí ọmọ bá ti gbà kì í sọnù mọ́. Ó dára, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀fìn wà. Ọmọ á fi ẹ̀kọ́ méjì sílẹ̀ lọ́dún kìíní, á fi mẹ́ta sílẹ̀ lọ́dún kejì, á wá sọ fún yín pé òun ti wà lọ́dún kẹta. Kò purọ́, ibẹ̀ ló wà. Ṣùgbọ́n gbèsè ọdún kìíní ṣì ń tẹ̀ lé e kiri, lísáǹsì ọdún mẹ́ta á di ọdún márùn-ún, owó iṣu àti owó ẹ̀wà sójà yín ló sì ń sanwó yàrá fún un ní gbogbo ìgbà yẹn. Ẹ má bi í ní ọdún tó wà. Ẹ bi í pé crédit mélòó ló ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìsinmi gígùn náà jẹ́ ọ̀rọ̀. A mọ̀ pé oko ń dúró de ọwọ́ ọmọ nígbà náà, a ò sì sọ pé kó má ro oko bàbá rẹ̀. Àmọ́ ẹ yọ oṣù kan fún un nínú rẹ̀, láti ọdún kejì, kó lọ kọ́ iṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ohun tí wọ́n ń pè ní stage. Kò dìgbà tó bá wà ní Lomé. Lẹ́yìn ìbò oṣù kẹfà 2019, ìbò ìbílẹ̀ àkọ́kọ́ láti ọdún 1987, a ní commune 117 ní Togo, mairie kọ̀ọ̀kan sì ní ìwé ìbí láti kọ, owó orí ọjà láti gbà, ilẹ̀ láti wọ̀n. Ọmọ tó ń kọ́ òfin tàbí jọ́gíráfì lè kọ lẹ́tà sí wọn. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má fún un ní kọ́bọ̀. Ìwé ẹ̀rí stage àti ẹnì kan tó lè jẹ́rìí pé ọmọ yìí ń tètè dé síbi iṣẹ́, owó nìyẹn fún ẹni tó ń wá iṣẹ́.

Lórí iṣẹ́ olùkọ́, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí, torí àwa là ń kọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ń wá sọ́dọ̀ wa torí pé gbogbo ibòmíràn ti tì. Ìyẹn kò tó láti fi dúró níwájú ọmọ 80. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ENS Atakpamé tàbí ENI lóòótọ́, kó ti máa kọ́ àwọn àbúrò ní ìrọ̀lẹ́ láti ọdún kìíní. Kó bèèrè ní EDIL, ilé-ẹ̀kọ́ tí àwa ará ìlú fọwọ́ ara wa dá sílẹ̀, bóyá wọ́n nílò ẹnì kan nígbà ìsinmi. Ètò olùyọ̀ǹda-ara-ẹni PROVONAT tó bẹ̀rẹ̀ ní 2011, tó ti di ANVT báyìí, náà ń gba àwọn tó ti kàwé jáde. Concours kì í ṣe ohun tí à ń múra sílẹ̀ fún ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Ti Elavagnon ló dùn wá jù. Wọ́n gbé IFAD, ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀sìn ẹja, síbẹ̀, nínú Est-Mono wa níbí. Ọmọ á lo àkókò kan nínú kíláàsì, á lo òmíràn lẹ́nu iṣẹ́ gan-an. Odò Mono ń ṣàn lọ́dọ̀ wa, adágún Nangbéto ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀ láti 1987, síbẹ̀ ẹja inú yìnyín láti òkèèrè ló kún ọjà. Ta ló ń jẹ èrè ibẹ̀? Àwa la tún ń sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wà fún ọmọ tí orí rẹ̀ ò pé. Ọmọ D tó ń kọ́ biology ní Lomé pàápàá, ọ̀dọ̀ àwọn olùsìn ẹja yìí ló yẹ kó ti lọ ṣe stage, dípò kó jókòó máa retí ọ́fíìsì.

Àwọn tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà ní ohun tí wọn ò kà sí. Ọmọ wa ń sọ Ifẹ̀, ó gbọ́ Yorùbá àwọn ará Nàìjíríà, ó gbọ́ Faransé. Bó bá fi Gẹ̀ẹ́sì tó dán mọ́rán lé e, àwọn ilé-iṣẹ́ transit tó wà ní èbúté Lomé ń bá oníṣòwò Nàìjíríà ṣe lójoojúmọ́. Kó lọ síbẹ̀ lọ́dún kejì, kó má dúró di ọjọ́ tí yóò gun zémidjan pẹ̀lú lísáǹsì nínú àpò, tàbí tí yóò lọ ro oko olóko ní Ọ̀yọ́. A ò bú iṣẹ́ kankan nínú méjèèjì. Oko Nàìjíríà ló kọ́ ilé púpọ̀ níbí. Ṣùgbọ́n ọmọ ò nílò 180 crédit kó tó lè ṣe é.

Ní Kérésìmesì tó ń bọ̀, bó bá ti Lomé dé, ẹ jẹ́ kó jẹun, kó sinmi ná. Lọ́jọ́ kejì, ẹ ní kó mú relevé rẹ̀ wá, kó sì sọ orúkọ ibi mẹ́ta tó fẹ́ kọ lẹ́tà stage sí. Bí ẹ ò bá lè ka relevé náà, ẹ pe ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ líísẹ́ tó wà ládùúgbò. Kò ní gbowó lọ́wọ́ yín.