Ẹ Má Fi Àgbo Pamọ́ fún Dókítà



Ìdílé kan wà ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù tí mo mọ̀ dunjú. Ilé awo ni wọ́n ti bí ọkọ, ní Ẹdẹ. Ilé ọlọ́ṣun ni wọ́n ti bí aya, ní Òṣogbo. Wọ́n yọ̀ǹda fún mi láti sọ ohun tí ojú wọn rí nígbà òtútù tó kọjá, bí n kò bá ti dárúkọ wọn. Mo ń sọ ọ́ nítorí mo gbà pé àṣìṣe tí wọ́n ṣe kì í ṣe tiwọn nìkan. Àwa tí a ń pariwo kiri pé ẹ̀sìn baba wa kò tì wá lójú, a lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Ọmọkùnrin wọn, ẹni ọdún méje, ní àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde. AS ni baba, AS ni ìyá, èyí tó túmọ̀ sí pé nínú oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ náà jẹ́ SS. Wọn kò ṣe àyẹ̀wò kí wọ́n tó fẹ́ra. Láyé àtijọ́, alárinà kì í dákẹ́ lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Yóò wádìí ìdílé méjèèjì bóyá wárápá wà níbẹ̀, bóyá ẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹrù ìdáná. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ìwádìí ìdílé ti òde òní, kò sì yẹ kí babaláwo kankan dá Ifá ìgbéyàwó lónìí láìbéèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.

Ní Ìlú Ọba, bí ọmọ tuntun bá pé ọjọ́ márùn-ún, wọ́n máa ń gún un ní gìgísẹ̀ láti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Nípa bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi tètè mọ ohun tó wà lára ọmọ yìí. Ó ń lo pẹnisílìnì lójoojúmọ́, wọ́n ń mú un lọ rí dókítà lásìkò, ara rẹ̀ sì ń le. Ní ti baba-baba rẹ̀ tó wà ní Ẹdẹ, àgbà awo ni, ó sì máa ń fi ìgò àgbo kan ránṣẹ́ sí i nípasẹ̀ ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọn kò rí ohun tó burú nínú rẹ̀, èmi náà kò rí i. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọn kò sọ ọ́ fún dókítà rí.

Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù kìíní, ìrora dé. Ọmọ náà ti ṣeré nínú òtútù lọ́jọ́ yẹn, kò sì mu omi tó. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ dùn ún, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn. Wọ́n fún un ní oògùn ìrora tí ilé-ìwòsàn kọ fún un, wọ́n fún un ní àgbo, wọ́n tún fún un ní àgbo. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, àyà ló ń dì mú, èémí rẹ̀ kò sì já gaara mọ́. Wọ́n pe ọkọ̀ tí í gbé aláìsàn.

Ní ilé-ìwòsàn, dókítà bi wọ́n léèrè pé, "Yàtọ̀ sí oògùn tí a kọ fún un, ǹjẹ́ ó lo nǹkan mìíràn?" Ọkọ wo aya, aya wo ọkọ. Ọkọ ní, "Rárá." Ìgò náà sì wà nínú àpò tí ìyá ọmọ gbé kọ́ èjìká.

Lẹ́yìn èyí, òṣìṣẹ́ kan mú ìwé wá láti kọ orúkọ àti àdírẹ́sì sí i. Ó dé orí ẹ̀sìn. Ìyá ní kí wọ́n kọ Kristẹni. Nọ́ọ̀sì dé láti fa omi sí ọmọ lára, ó rí idẹ Ifá lọ́wọ́ rẹ̀, ó béèrè pé kí ni. Ìyá ní, "Ẹ̀ṣọ́ lásán ni." Bí ó ti jẹ́ ẹ̀ṣọ́ lásán, nọ́ọ̀sì mú àlùmọ́gàjí, ó gé e. Kò hùwà àìdáa. Ohun tí wọ́n sọ fún un ló gbà gbọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ tí àgbà so mọ́ ọmọ náà lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ tú ká sórí ibùsùn, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ìyeyè, ìyá sì ń ṣa á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. Ó sọ fún mi pé títí di òní, gbólóhùn mẹ́ta yẹn ń dun òun ju ohun gbogbo tó ṣẹlẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kejì, àlùfáà ilé-ìwòsàn wá bá wọn gbàdúrà, nítorí ohun tó wà nínú ìwé. Ọmọ awo kúnlẹ̀, ó di ojú, ó ń ṣe àmín. Ẹ lè rẹ́rìn-ín; èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí ó ń sọ ọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ dé, ó fi hàn pé nǹkan kan ń yọ ẹ̀dọ̀ ọmọ lẹ́nu, àwọn dókítà kò sì mọ ibi tó ti wá. Ẹ̀dọ̀fóró ti kún, wọ́n ti ń múra láti pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní láti mọ oògùn tí ara rẹ̀ lè gbà àti èyí tí kò lè gbà. Wọ́n tún béèrè: ṣé kò sí ohun tí a kò mọ̀?

Baba ọmọ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi fóònù pe baba rẹ̀ ní Ẹdẹ. Ó rò pé òun ń lọ gba àṣẹ láti máa pa á mọ́ lọ. Ìdáhùn àgbà awo rèé, bí wọ́n ti sọ ọ́ fún mi: "Ta ló ní kí o fi í pamọ́? Èmi ni mo sè é, n kò jí i sè. Mú ìwé, kí o máa kọ." Baba wá ka ohun tó wà nínú ìgò náà: egbò orin àtà, ìyẹ̀rẹ̀, pòròpórò ọkà bàbà. Ó wá fi kún un pé, "Omi ni mo fi ń sè é nílé. Èyí tó ń wọ bàálù, ọtí ni mo rì í sí, kó má baà kan lójú ọ̀nà. Ṣé ẹ kò fi omi là á fún un ni?"

Wọn kò fi omi là á. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí. Àgbo tí a ń mu ní agboolé kò dá wà. Ẹni tó sè é wà nítòsí. Yóò wo ojú ọmọ bóyá ó ti pọ́n, yóò fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, yóò ní kí a dín in kù tàbí kí a dá a dúró, yóò sì bá a dá Ifá bí ọ̀rọ̀ bá kọjá ewé. Nígbà tí a bá rọ àgbo náà sí ìgò, tí a fi ránṣẹ́ sí orílẹ̀-èdè mìíràn, ewé nìkan ló dé ibẹ̀. Ojú oníṣègùn kò bá a dé. Ojú tó kù tó lè máa wo ọmọ náà ni ojú dókítà, dókítà ni a sì ń parọ́ fún. Ara ẹni tó ní àrùn yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ gba àṣìṣe: kíndìnrín rẹ̀, ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ọlọ inú rẹ̀, gbogbo wọn ni àrùn náà ń bá jà láti kékeré.

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà kan yóò sọ: pé ohun awo ni, pé a kì í tú u sí gbangba. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò gbà. Ọfọ̀ tí a pè sí i, àkókò tí a já ewé náà, orúkọ tí a fi pe igi kó tó jẹ́ni, ìwọ̀nyẹn ni awo, dókítà kò sì béèrè ọ̀kankan nínú wọn. Ohun tó béèrè ni ohun tó wọ inú ọmọ. Àgbà awo gan-an mọ ìyàtọ̀ yìí lórí fóònù láìronú lẹ́ẹ̀mejì. Àwa ọmọ ẹ̀yìn la sọ ohun gbogbo di àṣírí.

Àṣírí náà sì ti pa wá lára rí. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Abuja, èyí tí wọ́n ń pè ní NIPRD, ṣe oògùn kan fún àrùn yìí gan-an, Niprisan. Ohun mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: ìyẹ̀rẹ̀, kànáfùrù, igi osùn àti ọkà bàbà. Ọwọ́ oníṣègùn ìbílẹ̀ kan láti ilẹ̀ Yorùbá ni ìmọ̀ rẹ̀ ti wá. Ẹni náà la ẹnu, ó sọ ohun tí ìdílé rẹ̀ ń lò. Wọ́n gbé e jáde fún títà ní Nàìjíríà ní 2006. Pé ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é kógbá sílé lẹ́yìn náà, ìtìjú ìjọba àti oníṣòwò nìyẹn, kì í ṣe ti ewé. Àní ṣáájú ìyẹn, ní àwọn ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣófowórà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti ń yẹ egbò orin àtà wò lórí ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní àrùn yìí. Ní Arò, ní Abẹ́òkúta, láti 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Lámbò ti mú àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra nínú ìtọ́jú àwọn aláìsàn ọpọlọ. Kò sí ọ̀kan nínú iṣẹ́ wọ̀nyí tí ì bá ṣeé ṣe ká ní àwọn baba wa pa ẹnu wọn mọ́.

Síbẹ̀, n kò fẹ́ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ẹ̀rù tó ba àwọn òbí wọ̀nyẹn. Ó ní ìdí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, wọ́n rí òkú ọmọdékùnrin dúdú kan tí a ti gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ nínú odò Thames. Ọlọ́pàá pè é ní Adam, ìwé ìròyìn sì ń tọ́ka sí ìhà ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ètùtù àti òrìṣà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láti ìgbà náà, òbí tó bá sọ fún aláṣẹ kan ní Lọ́ńdọ̀nù pé òun ń bọ òrìṣà mọ ohun tó lè wọ ẹni náà lọ́kàn. Ẹ̀rù kí ìjọba má gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni kì í ṣe ẹ̀rù ọ̀lẹ. Ilé-ìwòsàn pàápàá kò mọ́ gaara: ní 2021, ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin kan ní Ìlú Ọba kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ wọn pé àwọn tó ní àrùn yìí ń bá òṣìṣẹ́ tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ pàdé, àti ẹlẹ́yàmẹ̀yà, àti ẹni tí kò gbà pé ìrora wọn jẹ́ òótọ́.

Nítorí náà n kò ní purọ́ pé òótọ́ sísọ kò ní iye tí yóò náni. Nígbà tí baba ọmọ gbé ìwé àti ìgò náà fún dókítà, dókítà dúpẹ́, ó pe àwọn tó mọ̀ nípa oògùn, wọ́n sì yí ọ̀kan nínú oògùn ìrora náà padà lójú ẹsẹ̀. Ó sọ gbangba pé ọmọdé kò gbọ́dọ̀ mu ọtí, ohun tó sọ nípa rẹ̀ sì le. Inú bí baba ọmọ, ó ń bí i di báyìí. Ní ọjọ́ kejì, obìnrin kan tó ń rí sí ààbò ọmọdé wá jókòó tì wọ́n, ó bi wọ́n ní ìbéèrè fún bíi wákàtí kan, òmíràn nínú rẹ̀ dùn wọ́n. Ó kọ ohun tó kọ, ó lọ, kò sì padà wá mọ́. Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde.

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi pààrọ̀ tirẹ̀, ẹnìkan ló fi sílẹ̀. Oríṣi ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ro pọ̀ lára ènìyàn dúdú ju lára òyìnbó lọ, àwọn tó ní àrùn yìí ló sì ń nílò rẹ̀ jù. Kò tó ní Ìlú Ọba. Àwọn kan ti fi ọdún gbọọrọ sọ pé ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀sìn wa ń béèrè. Mo ń rọ ẹgbẹ́ wa kí a kó ara wa jọ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ogúnjọ́ oṣù kẹjọ, Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, kí a wọ aṣọ funfun wa, kí a lọ tò sórí ìlà láti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Mo sì ń rọ àwọn babaláwo àti oníṣègùn wa tó ń fi oògùn ránṣẹ́ sí òkè òkun: ẹ lẹ ìwé mọ́ ìgò. Ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ kọ bóyá ọtí ni tàbí omi, ẹ kọ iye ṣíbí, ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín. Oníṣègùn tí kò bá lè ṣe èyí, ẹ má gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọmọdé. Ẹ̀yin òbí, bí nọ́ọ̀sì bá na ọwọ́ sí idẹ Ifá, ẹ sọ fún un pé àmì ẹ̀sìn ni, kí ó fún yín láyè láti tú u fúnra yín, tàbí kí ẹ gbé e sí ọwọ́ kejì. Ọ̀pọ̀ wọn yóò gbà.

Ìyá ọmọ náà ti tún ìlẹ̀kẹ̀ yẹn sín. Ó ní ọ̀kan sọnù, bóyá ó yí sábẹ́ ibùsùn. Nígbà tí wọ́n padà lọ fún àyẹ̀wò ní oṣù kẹta, òṣìṣẹ́ tún dé orí ẹ̀sìn, ó ti fẹ́ máa kọ ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyá ní kó dúró, kó kọ Ìṣẹ̀ṣe. Òṣìṣẹ́ ní báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ó gba gègé lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ fún un, pẹ̀lú gbogbo àmì orí rẹ̀.